Olùkọ́ Gọ́ọ̀fù Tí Ẹ̀kọ́ Rẹ̀ Ń Báni Dé Orí Pápá

Ọ̀pọ̀ ẹni tó dàgbà kó tó bẹ̀rẹ̀ gọ́ọ̀fù ni irú èyí ti ṣẹlẹ̀ sí. Ní Ọjọ́bọ̀, ó wà níbi ìdánrawò pẹ̀lú olùkọ́ rẹ̀ fún wákàtí kan. Àwọn bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ ń yà bàrà sápá ọ̀tún. Olùkọ́ tún ọwọ́ rẹ̀ tò sórí ọ̀pá, ó sún ẹsẹ̀ rẹ̀ díẹ̀, ó ní kó rọra. Kí wákàtí náà tó pé, bọ́ọ̀lù ti ń fò lọ gbọnrangandan. Ó sanwó, ó dúpẹ́, inú rẹ̀ dùn délé. Ó di Sátidé, ó dúró níbi ihò àkọ́kọ́ lójú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ó gbé ọ̀pá sókè, bọ́ọ̀lù tún forí lé igbó ọwọ́ ọ̀tún. Ẹni bẹ́ẹ̀ á wá máa sọ pé ọjọ́ orí òun ti lọ jù, pé ara òun ò gba eré yìí.

Èmi ò gbà pé ara rẹ̀ ló jẹ̀bi. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé bọ́ọ̀lù rẹ̀ dára ní Ọjọ́bọ̀, ṣùgbọ́n kò kọ́ nǹkan kan. Gbígbá bọ́ọ̀lù dáadáa níwájú olùkọ́ àti kíkọ́ bí a ṣe ń gbá a, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n, àwọn tó ń wádìí bí ara ṣe ń kọ́ṣẹ́ sì ti fìdí èyí múlẹ̀ láti bí ogójì ọdún ó lé. Ẹni tó bá ní ìyàtọ̀ yìí lọ́kàn ti ní ohun tó lè fi dá olùkọ́ rere mọ̀ láàárín ọ̀pọ̀ àwọn tó kàn mọ bí wọ́n ṣe ń mú wákàtí kan dùn.

Ká tó dé orí olùkọ́, ẹ jẹ́ ká wo ìdí tí eré yìí fi nílò ẹni tó ń kọ́ni rárá. Bọ́ọ̀lù gọ́ọ̀fù kì í sáré, ó jókòó jẹ́ẹ́ sílẹ̀ ni, kò sí ẹni tó ń bá yín dù ú. Síbẹ̀ eré náà le. Lọ́dún 1968, onímọ̀ físíìsì Alastair Cochran àti òǹkọ̀wé eré ìdárayá John Stobbs gbé ìwé The Search for the Perfect Swing jáde ní Bìrìtéènì, èso ìwádìí ọlọ́dún gbọọrọ lórí bí ènìyàn ṣe ń fi ọ̀pá gbá bọ́ọ̀lù yìí. Ohun tí wọ́n rí ṣì ń yà mí lẹ́nu títí dòní. Bí a bá pín ìṣẹ́jú àáyá kan sọ́nà 2,000, nǹkan bí ìpín kan ṣoṣo níbẹ̀ ni ojú ọ̀pá àti bọ́ọ̀lù fi ń kanra. Kí ìró náà tó gba ara ọ̀pá dé ọwọ́, kí ọwọ́ tó ránṣẹ́ sí ọpọlọ, bọ́ọ̀lù ti lọ. Kò sí bí ènìyàn ṣe lè tún un ṣe lójú ọ̀nà. Ohun tí ọwọ́ yín bá sọ fún yín, ìròyìn ohun tó ti kọjá ni.

Ìròyìn ọ̀hún gan-an kì í pé. Ẹni tó bá ti ní kí wọ́n fi fóònù ya fídíò òun láti ẹ̀yìn mọ ohun tí mò ń sọ. Lọ́kàn rẹ̀, ọ̀pá dúró sí òkè èjìká. Nínú fídíò, ọ̀pá ti yí orí ká, ó fẹ́ẹ̀ kan itan. Ohun tí a rò pé ara wa ń ṣe àti ohun tó ń ṣe gan-an jìnnà síra wọn, pàápàá nínú ìgbésẹ̀ tó yára tó báyìí. Nítorí náà ni a fi nílò ojú ẹlòmíràn. Lóòótọ́, Bubba Watson tó gba ìdíje Masters lẹ́ẹ̀mejì, ní 2012 àti 2014, kò gba ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ olùkọ́ kankan rí. Ṣùgbọ́n ọmọdé ni nígbà tó ti ń gbá bọ́ọ̀lù oníke yí ilé wọn ká ní Florida, ara ọmọdé sì ní àkókò tí ara ẹni ogójì ọdún tó níṣẹ́, tó níyàwó, tó lọ́mọ kò ní.

Àwọn méjì kan, John Shea àti Robyn Morgan, ní Yunifásítì Colorado l’Amẹ́ríkà, ṣe ìdánwò kan lọ́dún 1979 tí mo rò pé ó yẹ kí gbogbo ẹni tó ń wá olùkọ́ gọ́ọ̀fù mọ̀. Wọ́n ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mú bọ́ọ̀lù tẹ́nìsì lọ́wọ́, kí wọ́n fi ti àwọn pákó kéékèèké ṣubú kíákíá, ọ̀nà mẹ́ta ló wà tí wọ́n lè gbà tò ó. Wọ́n ní kí àwọn kan kọ́ ọ̀nà kìíní tán kí wọ́n tó bọ́ sí èkejì, kí wọ́n kọ́ èkejì tán kí wọ́n tó bọ́ sí ẹ̀kẹta. Ní ti àwọn yòókù, wọ́n da ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ mọ́ra wọn, ẹni tó ń kọ́ ọ kì í mọ èyí tó kàn. Nígbà ìdánrawò, àwọn tó ń ṣe é lọ́kọ̀ọ̀kan yára jù, ẹni tó bá wò wọ́n á ní wọ́n ti mọ̀ ọ́n tán. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, àti lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́wàá, wọ́n pè wọ́n padà láti dán wọn wò. Àwọn tó ń da gbogbo rẹ̀ pọ̀, tí wọ́n ń ṣàṣìṣe, tí wọ́n ń lọ́ra, àwọn ni nǹkan ọ̀hún wá dúró sí lára.

Ẹ gbé e wá sórí gọ́ọ̀fù. Ẹni tó bá gbá àádọ́ta bọ́ọ̀lù léraléra pẹ̀lú ọ̀pá kan náà, sí ibì kan náà, á dára sí i lójú ara rẹ̀ àti lójú olùkọ́. Àmọ́ lórí pápá, ẹ ò ní gbá bọ́ọ̀lù kan náà lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀léra, àfi bí ti àkọ́kọ́ bá sọnù. Bọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan ń béèrè ọ̀pá tirẹ̀, ìdúró tirẹ̀, ìṣirò tirẹ̀. Olùkọ́ tó mọṣẹ́ á jẹ́ kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ tún ohun kan ṣe títí ara á fi mọ̀ ọ́n díẹ̀, nítorí ẹni tí kò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń di ọ̀pá mú kò ní ohun tó fẹ́ dàpọ̀. Ṣùgbọ́n kò ní fi í sílẹ̀ síbẹ̀. Kó tó pẹ́, á ní kó pa ọ̀pá dà, kó pa ibi tó ń wò dà, kó gbá èyí tó gùn kó tó gbá èyí tó kúrú. Bọ́ọ̀lù á tún bẹ̀rẹ̀ sí í yà. Akẹ́kọ̀ọ́ lè rò pé òun ń padà sẹ́yìn. Olùkọ́ tó bá lè fara da ojú tí akẹ́kọ̀ọ́ fi máa wò ó nígbà yẹn, tó sì ṣàlàyé ìdí rẹ̀ fún un, òun ni kí ẹ di mú.

Ohun kejì tí mo máa wò lára olùkọ́ ni ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀. Àwọn kan wà tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn bọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan: ìgúnpá òsì, orúnkún, orí, ìbàdí, ọrùn ọwọ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fẹ́ràn wọn, nítorí wọ́n rò pé owó àwọn ń ṣiṣẹ́. Gabriele Wulf, onímọ̀ ọmọ ilẹ̀ Jámánì tó wá ń kọ́ni ní yunifásítì ní Las Vegas, ló wádìí ọ̀rọ̀ yìí jìnnà jù. Ìrònú náà wá sí i lọ́kàn nígbà tó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń tukọ̀ onípákó tí wọ́n fi atẹ́gùn wà lórí omi. Ó ṣàkíyèsí pé bí òun bá ń ronú nípa ẹsẹ̀ òun, òun ń ṣubú. Bí òun bá ń ronú nípa pákó tí òun dúró lé, ara òun ń gbà á. Ní 1999, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé e lọ sídìí gọ́ọ̀fù. Wọ́n ní kí àwọn kan tí kò gbá a rí fọkàn sí bí apá wọn ṣe ń fì, kí àwọn mìíràn fọkàn sí bí ọ̀pá ṣe ń fì. Àwọn tó fọkàn sí ọ̀pá ló gbá a sún mọ́ ibi tí wọ́n ń wò jù, nígbà ìdánrawò àti lọ́jọ́ kejì tí kò sẹ́ni tó ń rán wọn létí ohunkóhun. Ọ̀pọ̀ ìwádìí lẹ́yìn náà, nínú oríṣiríṣi eré, ló sọ irú ohun kan náà.

Ìdí rẹ̀ ni pé ara ní ọgbọ́n tirẹ̀ nínú bó ṣe ń to iṣan pọ̀. Bí a bá ń fi ọkàn darí iṣan kọ̀ọ̀kan, a ń dí i lọ́wọ́ ni. Fún ìdí èyí, bí olùkọ́ bá sọ pé kí ẹ jẹ́ kí irin ọ̀pá gé koríko tó wà níwájú bọ́ọ̀lù, ọ̀rọ̀ tó gbéṣẹ́ ni. Bó bá ní kí ẹ tẹ ọrùn ọwọ́ òsì yín síwájú kí ẹ sì yí ìbàdí yín nígbà kan náà, ohun kan náà lè wà lọ́kàn rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti gbé ẹrù lé ibi tí kò yẹ.

Ìwọ̀n ọ̀rọ̀ pẹ̀lú ṣe pàtàkì. Lọ́dún 1990, Carolee Winstein àti Richard Schmidt fi hàn pé àwọn tí wọ́n ń sọ àbájáde fún lẹ́yìn gbogbo ìgbìyànjú kò rántí ẹ̀kọ́ tó àwọn tí wọ́n ń sọ fún ní ìdajì àwọn ìgbà náà péré. Ẹni tí wọ́n ń sọ gbogbo nǹkan fún ti gbé iṣẹ́ ìrònú rẹ̀ lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Bí ẹni yẹn bá kúrò ńkọ́? Olùkọ́ rere máa ń dákẹ́. Á jẹ́ kí ẹ gbá mẹ́ta tàbí mẹ́rin, á sì bi yín pé: “Kí lẹ rí níbẹ̀?” Ìbéèrè yẹn níye lórí ju ìtọ́ni mẹ́wàá lọ, nítorí òun ni ẹ máa bi ara yín ní Sátidé.

Ta wá ni ká lọ bá? Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń wá ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù jù nínú kíláàbù. Ó bá òye mu lójú, àmọ́ kò fi bẹ́ẹ̀ tọ̀nà. Sian Beilock àti Thomas Carr, ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Michigan, gbé ìwádìí kan jáde ní 2001 lórí àwọn ọ̀jáfáfá àti àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní kí wọ́n ti bọ́ọ̀lù sínú ihò, kí wọ́n sì ṣàlàyé ohun tí wọ́n ṣe nínú èyí tí wọ́n gbá gbẹ̀yìn. Àwọn ọ̀jáfáfá ló rántí ohun tó kéré jù. Ara wọn ti gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ ọkàn wọn, nítorí náà ọkàn ò rí i mọ́. Ẹni bẹ́ẹ̀ lè máa sọ ohun tó rò pé òun ń ṣe fún yín, tọkàntọkàn, kó má sì jẹ́ ohun tó ń ṣe nìyẹn. Kíkọ́ni jẹ́ iṣẹ́ ọ̀tọ̀, ó ní ìkọ́ṣẹ́ tirẹ̀.

Ẹni tí mo máa ń fi ṣe àpẹẹrẹ olùkọ́ ni Harvey Penick, ará ìlú Austin ní Texas. Wọ́n bí i ní 1904. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni nígbà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kádì ní Austin Country Club, tó ń ru àpò ọ̀pá àwọn ọmọ ẹgbẹ́. Ní 1923, ó di olórí olùkọ́ níbẹ̀. Ó gbìyànjú láti fi gbígbá bọ́ọ̀lù jẹun, àmọ́ ó gbọ́ ìró bọ́ọ̀lù Sam Snead níbi ìdíje kan, ó sì mọ̀ pé iṣẹ́ kíkọ́ni ni tòun. Tom Kite àti Ben Crenshaw, méjèèjì tó di ìlúmọ̀ọ́ká, ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n ti kẹ́kọ̀ọ́ láti kékeré. Kò jẹ́ kí ọ̀kan nínú wọn wo ẹ̀kọ́ èkejì, kí ọ̀rọ̀ tó wà fún Kite má bàa ba ìṣe Crenshaw jẹ́. Ó ṣọ́ra fún ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, nítorí ó mọ̀ pé akẹ́kọ̀ọ́ lè gba ìtọ́ni díẹ̀ kó sì lò ó kọjá ààlà. Ọdún 1992 tí ìwé kékeré tó kọ lórí gọ́ọ̀fù jáde ni Kite gba ìdíje U.S. Open. Penick kú ní ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1995. Àwọn méjèèjì wà lára àwọn tó gbé pósí rẹ̀, nígbà tó sì fi di Sunday ọ̀sẹ̀ yẹn, Crenshaw, ẹni ọdún 43, ti gba Masters. Lórí ibùsùn àìsàn ni Penick ti kọ́ ọ ní ẹ̀kọ́ ìkẹyìn, nípa bí wọ́n ṣe ń ti bọ́ọ̀lù sínú ihò.

Kádì tó di olùkọ́: ìyẹn ò ṣàjèjì sí wa. Ní Ìkòyí, ní Ìkẹjà, ní Ìbàdàn, ní Abẹ́òkúta, níbi pápá MicCom ní Àdá ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ọ̀nà yìí ni ọ̀pọ̀ àwọn tí à ń pè ní “pró” gbà wọlé. Wọ́n ru àpò, wọ́n ń fi ọ̀pá àlòkù dánra wò nígbà tí pápá bá dá, wọ́n sì di akọ́ṣẹ́mọṣẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ní ojú tí kò sí ìwé tó lè fún ènìyàn. Wọ́n ti tẹ̀ lé ẹgbẹẹgbẹ̀rún bọ́ọ̀lù wọnú igbó, wọ́n mọ irú ènìyàn tó ń gbá irú bọ́ọ̀lù wo. Wọ́n mọ bí ilẹ̀ ṣe ń le nígbà ọyẹ́ tí bọ́ọ̀lù ń yí lọ gbuurugbu, wọ́n mọ bó ṣe ń rì sínú ẹrẹ̀ lóṣù keje. Wọ́n mọ àwọn pápá tí ihò wọn kò sí lórí koríko, tó jẹ́ orí iyanrìn tí wọ́n fi òróró pò ló wà. Ẹ má fojú kéré irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀.

Àmọ́ ìṣòro kan wà nílé wa tí àwọn ìwé òyìnbó kì í mẹ́nu bà, mo sì rò pé òun ló ń pa ẹ̀kọ́ jù. Akẹ́kọ̀ọ́ sábà máa ń jẹ́ àgbà, olóyè, ọ̀gá ilé iṣẹ́, adájọ́, ọ̀gágun. Olùkọ́ jẹ́ ọmọ ọgbọ̀n ọdún tó ti ru àpò irú àgbà bẹ́ẹ̀ rí. Bàbá gbá bọ́ọ̀lù, ó wọgbó. Pró ní: “Ẹ gbá a dáadáa, sà. Atẹ́gùn ló gbé e.” Kò sí atẹ́gùn kankan. Ọmọ náà rí àṣìṣe náà kedere, ẹ̀kọ́ ilé ni kò jẹ́ kó sọ ọ́, àti ìbẹ̀rù pé bàbá lè bínú kó má sanwó, tàbí kó bá àwọn aláṣẹ kíláàbù sọ̀rọ̀. Bàbá ń sanwó kó lè gbọ́ òótọ́, ọ̀wọ̀ ló ń gbà dípò rẹ̀. Kò sí ìwádìí sáyẹ́ǹsì tó lè ran irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́.

Ọwọ́ àgbà ni àtúnṣe rẹ̀ wà. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ gan-an, kí bọ́ọ̀lù kankan tó kúrò nílẹ̀, ẹ sọ fún un pé: “Pró, níbí yìí ìwọ lọ̀gá mi. Ohun tó o bá rí ni kó o sọ fún mi, mi ò ní bínú.” Nígbà tó bá sì sọ ọ́, ẹ má bínú lóòótọ́. Ọmọ tó gbọ́n á mọ bó ṣe máa sọ ọ́, nítorí èdè wa kò ṣaláìní ọ̀nà tí ọmọdé ń gbà bá àgbà sọ òótọ́. Á ní: “Ẹ forí jì mí, Bàbá, ojú ọ̀pá yín ṣí sílẹ̀ láti ìgbà tí ẹ ti gbé e sókè. Ẹ jẹ́ ká wò ó nínú fídíò.” Ẹ rí i pé ó bọ̀wọ̀, kò purọ́, ó sì ní ẹ̀rí lọ́wọ́. Ẹni tó bá lè ṣe báyìí láàárín ẹ̀kọ́ méjì tàbí mẹ́ta, ẹ sanwó rẹ̀ lásìkò, ẹ má sì máa ná an bí ẹni ń ná iṣu. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá jẹ́ obìnrin, olùkọ́ tó mọ ohun tó ń ṣe á tọrọ àyè kó tó tún ọwọ́ tàbí ìbàdí rẹ̀ tò, á sì mọ bó ṣe lè ṣàlàyé láìfọwọ́kàn án. Bí wọ́n bá ń kọ́ ọmọ, kí òbí tàbí alágbàtọ́ wà nítòsí.

Nípa wíwá a gan-an, ìbéèrè tó máa ń so èso jù ni pé: ta ló ti yí padà nínú ẹgbẹ́ yìí láàárín ọdún kan, ta ló sì kọ́ ọ? Ẹ bi àwọn kádì. Wọ́n mọ ẹni tó ń wá bọ́ọ̀lù nínú igbó lọ́dún tó kọjá tí kì í wá a mọ́. Ẹ wo handicap onítọ̀hún, ìyẹn nọ́ńbà tó ń fi hàn bó ṣe mọ̀ ọ́n gbá tó, bó bá gbà. Láti 2020 tí ìlànà kan ṣoṣo ti wà fún gbogbo ayé, máàkì mẹ́jọ tó dára jù nínú ogún tí ẹnì kan gbá kẹ́yìn ni wọ́n fi ń ṣírò rẹ̀, nítorí náà Sátidé oríire kan ṣoṣo kò lè mú un wálẹ̀ púpọ̀. Olùkọ́ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, tí wọ́n jẹ́ ẹgbẹ́ yín lọ́jọ́ orí àti nínú eré náà, bá ti ń dín máàkì kù, ti ní ẹ̀rí tó dára ju ife ẹ̀yẹ tirẹ̀ lọ. Ìwé ẹ̀rí kíkọ́ni pẹ̀lú dára. Ẹgbẹ́ àwọn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ ní Bìrìtéènì ti wà láti 1901, ti Amẹ́ríkà láti 1916, Nàìjíríà ní tirẹ̀, àwọn ọmọ wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Houston á sì rí i pé ó ṣòro láti kọ́ni níbẹ̀ láìní in. Ó ń fi hàn pé wọ́n ti kọ́ ẹni náà ní nǹkan. Ṣùgbọ́n kò lè sọ fún yín bóyá ó ń wo ènìyàn kó tó sọ̀rọ̀.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá kọ́kọ́ pàdé, ẹ jẹ́ kó jẹ́ òun ló ń béèrè púpọ̀. Ọjọ́ mélòó lọ́sẹ̀ lẹ lè wá? Kí lẹ fẹ́? Ṣé kí ẹ lè bá àwọn ọ̀rẹ́ rìn láìsí ìtìjú ni, tàbí kí ẹ gba ife? Níbo ni máàkì yín ń sọnù? Èyí tó gbẹ̀yìn yìí ṣe kókó. Mark Broadie, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Columbia, kó àìmọye bọ́ọ̀lù tí wọ́n gbá jọ, ó ṣírò wọn, ó sì rí i pé nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ìyàtọ̀ tó wà láàárín ẹni tó gbá a dáadáa àti ẹni tí kò mọ̀ ọ́n tó bẹ́ẹ̀ ló ń wá láti ibi tó jìnnà sí ihò ju nǹkan bí mítà 90 lọ. Ìwé tó kọ lé e lórí jáde ní 2014. Síbẹ̀ tiyín lè yàtọ̀: ó lè jẹ́ pé ibi iyanrìn nìkan lẹ ti ń ṣòfò. Olùkọ́ tó ń ṣe ìwọ̀n kan náà fún gbogbo ẹni tó bá wá, télọ̀ tí kò fi téèpù kan oníbàárà lára ni. Èyí tó dára á bá yín rin ihò mélòó kan lórí pápá kó tó sọ pé ohun báyìí ni ká tún ṣe, nítorí ìwà tí ènìyàn ń hù níbi ìdánrawò kọ́ ló ń hù nígbà tí omi bá wà níwájú.

Ìbéèrè kan wà tí ẹ̀yin náà lè bi í: kí ló ń mú bọ́ọ̀lù mi yà sọ́tùn-ún? Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ohun tí wọ́n ń kọ́ni ni pé ìhà tí ọ̀pá ń fì sí ni bọ́ọ̀lù máa kọ́kọ́ gbà lọ. Nígbà tí ẹ̀rọ rédà dé, bíi ti TrackMan, ilé iṣẹ́ kan ní Denmark tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2003, ó hàn kedere pé ojú ọ̀pá ló ń pinnu jù ibi tí bọ́ọ̀lù kọ́kọ́ kọrí sí, àti pé ìyàtọ̀ tó wà láàárín ibi tí ojú ọ̀pá dojú kọ àti ibi tí ọ̀pá ń fì sí ló ń tẹ̀ ẹ́ bàrà. Èyí kì í ṣe àríyànjiyàn àwọn onímọ̀ lásán. Ẹni tí bọ́ọ̀lù rẹ̀ ń yà sọ́tùn-ún, tí wọ́n wá ní kó túbọ̀ máa fì sápá òsì kó lè bá a dọ́gba, ń jẹ́ kí ìyàtọ̀ yẹn fẹ̀ sí i ni, bọ́ọ̀lù á sì túbọ̀ yà. Olùkọ́ ò nílò ẹ̀rọ olówó gọbọi. Fóònù tó lè ya fídíò tó rọra ń lọ ti tó. Ohun tó nílò ni kó mọ ohun tó ń fà á.

Nítorí ìlera, mo gbọ́dọ̀ dúró díẹ̀ sórí ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn. Nígbà tí a bá fì ọ̀pá pẹ̀lú gbogbo agbára, ìwúwo tó ń tẹ egungun ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn lè tó nǹkan bí ìlọ́po 8 ìwúwo ara ẹni, ní ìdá kékeré ìṣẹ́jú àáyá. Ẹ̀yìn ìsàlẹ̀, ìgúnpá àti ọrùn ọwọ́ ló máa ń dun àwọn tó ń gbá a fún ìgbádùn jù. Ibi tí ewu wà ni pé ẹni ọdún 55 tó ń jókòó sídìí tábìlì láti àárọ̀ dalẹ́ lọ wo fídíò ọmọ ọdún 24, ó sì ní kí wọ́n kọ́ òun bẹ́ẹ̀. Olùkọ́ tó gbà, tí kò béèrè bóyá ẹ̀yìn ti dùn ún rí, bóyá orúnkún ń ro ó, bóyá ó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, kò yẹ lẹ́ni tí à ń fi ara wa lé lọ́wọ́. Ilé iṣẹ́ Titleist Performance Institute ní California, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2003, ń kọ́ àwọn olùkọ́ bí wọ́n ṣe ń dán ara wò kí wọ́n tó dá sí bí ẹnì kan ṣe ń fì ọ̀pá. Àwọn ohun tí wọ́n ń ṣe rọrùn: ṣé èjìká lè yí láìjẹ́ kí ìbàdí tẹ̀ lé e, ṣé ènìyàn lè lóṣòó láìgbé gìgísẹ̀ sókè. Bí ìbàdí yín kò bá lè yí tó bẹ́ẹ̀, olùkọ́ rere á ní kí ẹ yí ẹsẹ̀ ọ̀tún síta díẹ̀, kí ẹ jẹ́ kí gìgísẹ̀ òsì gbéra, kí ẹ má gbé ọ̀pá jìnnà. Á kọ́ ara tí ẹ ní.

Èrè gọ́ọ̀fù fún ìlera pọ̀. Ní 2009, àwọn olùwádìí Karolinska Institutet ní Sweden gbé ìwádìí kan jáde lórí 300,818 ènìyàn tó ń gbá gọ́ọ̀fù. Wọ́n rí i pé ikú láàárín wọn fi ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún dín sí ti àwọn ẹgbẹ́ wọn tó jọ wọ́n lọ́jọ́ orí àti nípò láwùjọ. Ìwádìí yẹn kò lè fi hàn pé gọ́ọ̀fù nìkan ló fà á, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹni tára rẹ̀ le ló ń lè gbá a. Ṣùgbọ́n rírìn kìlómítà mẹ́jọ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú afẹ́fẹ́ pẹ̀lú ọ̀rẹ́ kì í ṣe nǹkan tí dókítà máa kọ̀, ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ bá sì ti bàjẹ́ kò ní rìn ín.

Ó ku ọ̀rọ̀ àkókò. Lọ́dún 1997, Tiger Woods fi ìyàtọ̀ máàkì 12 gba Masters. Lẹ́yìn ìyẹn, òun àti olùkọ́ rẹ̀, Butch Harmon, jókòó, wọ́n ní bó ṣe ń fì ọ̀pá nílò àtúnṣe. Ní gbogbo 1998, ìdíje kan ṣoṣo ló gbà nínú ti PGA Tour. Àwọn ènìyàn ń sọ̀rọ̀. Ní 2000, ó gba mẹ́sàn-án, mẹ́ta níbẹ̀ sì jẹ́ àwọn ìdíje ńlá. Bí ẹni tó gbá a jù láyé, tó ń dánra wò lójoojúmọ́, bá nílò ju ọdún kan lọ, ẹni tó ń wá ní Sátidé nìkan kò gbọ́dọ̀ retí pé ẹ̀kọ́ mẹ́ta ló máa tún un ṣe. Olùkọ́ tó bá ṣèlérí ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ sá fún un. Èyí tó dára á sọ fún yín ṣáájú pé máàkì yín lè kọ́kọ́ pọ̀ sí i, á sọ ohun kan ṣoṣo tí ẹ máa gbé délé, á sì fún yín láyè ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta láti fi ṣiṣẹ́ kí ẹ tó padà wá. Ẹ̀kọ́ ojoojúmọ́ ń pa owó wọlé fún un, ṣùgbọ́n kì í fi bẹ́ẹ̀ ran yín lọ́wọ́.

Jack Nicklaus jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá ní 1950 nígbà tó kọ́kọ́ bá Jack Grout pàdé ní Scioto Country Club ní Columbus, Ohio. Grout kọ́ ọ títí tó fi lè rí àṣìṣe ara rẹ̀ láàárín ìdíje kó sì tún un ṣe fúnra rẹ̀. Nígbà tí ọmọ náà ti di olókìkí, Grout ṣọ̀wọ́n níbi ìdánrawò àwọn ìdíje, ẹ̀yìn ni ó máa ń dúró sí bó bá wá rárá. Síbẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, Nicklaus á padà lọ bá a, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ láti orí bí wọ́n ṣe ń di ọ̀pá mú àti bí wọ́n ṣe ń dúró, bí ẹni pé kò gbá a rí. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn títí Grout fi kú ní 1989. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí ẹ bi ara yín lẹ́yìn oṣù mẹ́fà pẹ̀lú olùkọ́ yín: bí bọ́ọ̀lù mi bá yà níbi ihò karùn-ún, tí kò sí níbẹ̀, ṣé mo mọ ohun tí mo máa kọ́kọ́ yẹ̀ wò? Bí ẹ bá mọ̀ ọ́n, ẹ máa bá a lọ, ẹ jẹ́ kí àlàfo tó wà láàárín ẹ̀kọ́ kan sí èkejì máa gùn sí i. Bí ẹ kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ sọ fún un láìfi pa mọ́. Bí kò bá yí ọwọ́ padà láàárín oṣù kan tàbí méjì, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ san gbèsè tó bá kù, kí ẹ sì tún lọ bi àwọn kádì.